Bi Ẹ̀rọ Bóyá Ó Ń Parọ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ti yunifásítì bọ̀ wá sílé lásìkò ìsinmi, tí ẹ máa ń yà kí mi nísàlẹ̀ òkè níbí, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí: "Mọ́mì, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe fẹ̀yìn tì?" Kí n tó ṣàlàyé dé ìdajì, ojú yín á ti padà sórí fóònù. Ó dáa. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá wù kó kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń retí pé màá fi ọ̀rọ̀ ìwúrí parí ẹ̀, kó tètè dìde, torí mi ò ní ìwúrí kankan nílẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn náà ń dùn mí, ohun tí mo sì fi ọdún mi jà fún ti bàjẹ́ lójú mi.

Iṣẹ́ náà nìyí. Bí ẹnì kan bá pe orúkọ yín, ohùn náà á gba etí wọlé, á di iná tín-ín-rín, iná náà á sì gba ojú iṣan lọ sínú ọpọlọ. Ó kéré débi pé ẹ̀rọ lásán ò lè rí i. Àwa máa ń lẹ wáyà mọ́ orí èèyàn, a ó ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ létí, a ó wá máa rán ìró gba inú rọ́bà náà, kó-kó-kó-kó, àìmọye ìgbà. Ẹ̀rọ á máa kó àwọn iná kéékèèké náà jọ títí àwòrán wọn á fi yọ lójú ẹ̀. Orúkọ ńlá wà tí ìwé ń pè é. Èmi ọmọ Ìdànrè, òkè ni mo pè é, torí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn nìyẹn. Bí òkè karùn-ún bá yọ síbi tó yẹ kó yọ, ohùn ti dé ọpọlọ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ohùn ò dé ibi kankan. A máa ń ṣe ti ojú, a sì máa ń ṣe ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti etí ló jẹ mí lọ́kàn jù.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, wọ́n ń wá èèyàn ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà, owó ìjọba ni, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀gá Fádípẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní ìdọ̀tí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Fún oṣù mélòó kan, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Orí èèyàn ló ní kí n máa wọ̀n. Màá mú téèpù, màá wọ̀n láti ibi tí imú ti pàdé iwájú orí títí dé kókó tó wà lẹ́yìn orí, màá wá fi gègé sàmì. Bí àmì mi bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, á fi òwú nù ún kúrò lójú aláìsàn.

"Sísì, orí lo ń wọ̀n ni, àbí ilẹ̀ oko?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé..."

"Má rò ó. Wọ̀n ọ́n."

Mo sunkún o! Mo máa ń wọ ilé ìtọ̀ lọ sunkún, màá bọ́jú, màá padà wá wọn orí. Orí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dirun tuntun ló le jù. O ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó tú u, á ní ṣé o mọye wákàtí tóun fi jókòó ni. Àwọn ará ìjọ aládùúrà náà á dé pẹ̀lú òróró àdúrà lórí, òróró náà á sì máa yọ wáyà kúrò. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún ìyá kan pé òróró yẹn ń da iṣẹ́ wa rú. Ìyá náà bínú, ó fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Fádípẹ̀ tì mí sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ọkùnrin tó ń jágbe mọ́ mi yìí, ó ní, "Màmá wa, òróró yẹn ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká nù ún díẹ̀, kí wáyà náà lè ṣe tirẹ̀." Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó tú gèlè rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bá wa nu orí ọmọ náà.

Ohun kan wà tí ọkùnrin yìí kì í fò, ì báà rẹ̀ ẹ́, èèyàn ì báà kún ẹnu ọ̀nà. Bó bá ti ya àwòrán tán, tí gbogbo wa ti rí òkè karùn-ún, tí inú ìyá ọmọ ti ń dùn, á fi ìka méjì fún rọ́bà inú etí ọmọ náà pa, kí ìró má lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Á wá ní kí n tún tẹ ẹ̀rọ.

"Ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀rọ bóyá ó ń parọ́."

Ìdí rẹ̀ ni pé iná ló ń ti ìró yẹn jáde. Iná náà lè jò wọ inú àwọn wáyà orí, iná jẹnẹrétọ̀ lè jò wọ̀ ọ́, ti fáànù lè jò wọ̀ ọ́, kódà ti fóònù tí nọ́ọ̀sì kan fi síbi ògiri pé kó máa gba iná. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀. Ohunkóhun tó bá bá a, á fi ya òkè fún ọ. Nítorí náà, bí o bá ti fún rọ́bà pa tí ìró ò wọlé mọ́, ó yẹ kí òkè yẹn wó. Bó bá ṣì dúró, kì í ṣe ọmọ yẹn ló ni ín. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ báyìí ló ń gbà, ìka méjì péré.

Ọ̀gá náà ti kú. Mi ò tíì rí ẹlòmíì tó le bíi tiẹ̀, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo di ẹni tí wọ́n ń rán káàkiri, mo wá rí nǹkan. Háà! Ilé ìwòsàn kan ń ya òkè sókè, òmíràn ń yà á sísàlẹ̀, bíi pé kòtò ni. Ohùn tí àwọn kan ń pè ní kékeré, òun gan-an làwọn míì ń pè ní ńlá. Ibì kan ń lẹ wáyà sẹ́yìn etí, ibòmíì ń lẹ̀ ẹ́ sí egungun ọrùn. Aláìsàn á gbé èsì láti ìlú kan dé ìlú kejì, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Nípa fífún rọ́bà pa, kò sẹ́ni tó ń ṣe é. Wọ́n ní èrò pọ̀. Mo pariwo títí, wọ́n sọ mí ní Àǹtí Onírọ́bà. Mo gbà, mo ní kí wọ́n ṣáà máa ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Ìyanu.

Akin àbúrò mi ní oko kòkó lọ́nà Atosin. Àwọn tó ń bá a ṣe é, tọkọtaya kan láti apá Ọ̀ṣun ni, ọmọ ìjọ aládùúrà, èèyàn jẹ́jẹ́. Ìyanu ni ọmọ wọn obìnrin. Mo wálé fún ọdún Àjíǹde, mo bá Akin dé oko. Ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí la ti bá bàbá ọmọ náà pẹ̀lú pàṣán lọ́wọ́. Ọmọ náà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń gba pàṣán bí ẹni tó ti mọ ọ́n lára. Kò sunkún rárá.

Mo ní, "Kí ló ṣe?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ọmọ yìí ò gbọ́ràn. Mo pè é, pè é, kó wá bá mi kó kòkó, òjò ń bọ̀. Kò dáhùn. Ó kàn kọ ẹ̀yìn sí mi ni."

"Ṣé ó ń gbọ́?"

Ìyá rẹ̀ ló dá mi lóhùn. "Ó ń gbọ́ o, Mà. A ti gbé e lọ sílé ìwòsàn nígbà tí kò tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí, wọ́n ní etí ẹ̀ gbọ́ dáadáa. Ìgbà yẹn la wá mọ̀ pé ìwà ni. Tíṣà ẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ tó ń gbọ́ tí kò gbọ́ràn, ẹgba ló yẹ ẹ́."

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu wa ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ń gba ohùn wọlé, a ní ó ń gbọ́. Ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, a ní ó gbọ́ràn. Gbọ́ yìí kan náà ni. Ní kété tí ilé ìwòsàn ti sọ pé ti àkọ́kọ́ dáa, ti ìkejì ló kù tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́ níyà. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́, kò lè pe ìyá rẹ̀ ní ìyá. Ohùn kan báyìí ló máa ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, wọ́n á ní ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó bá mi lọ, kí àwọn náà ká lọ. A wọ mọ́tò. Ní ẹ̀ka wa, mo pa fáànù, mo pa gílóòbù, mo wọn orí ọmọ náà bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ìyá rẹ̀ ti fi òróró sí i lórí láàárọ̀, mo sọ fún un pé òróró náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì bá mi nù ún. Mo tẹ ẹ̀rọ. Òkè kan yọ. Ìyá rẹ̀ ti ń ṣọpẹ́. Mo fi ìka méjì fún rọ́bà pa, mo tún un tẹ̀. Òkè náà ṣì dúró síbẹ̀, kò mira. Mo wá rí i pé wáyà kan ló ń gba iná láti ara bẹ́ẹ̀dì onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Mo sún bẹ́ẹ̀dì kúrò, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo gbé ohùn sókè títí ó fi débi tó lè dun ẹlòmíì létí. Kò sí òkè kankan. Etí ọ̀tún bẹ́ẹ̀, etí òsì bẹ́ẹ̀.

Irú òkè èké yẹn ni wọ́n rí níbi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ. Wọ́n kàn gbà á gbọ́ ni.

Nígbà tí mo sọ fún wọn, bàbá Ìyanu jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó káwọ́ lérí. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, "Ìyanu, dárí jì mí, ọmọ mi, dárí jì mí." Ìyanu wo ìyá rẹ̀ tó ń la ẹnu, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ronú díẹ̀. Ló bá tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú pé kó na òun.

Yéè! Mo ti rí òkú, mo ti rí ọmọ tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀. Kò sí èyí tó ṣe mí bíi ti ọjọ́ yẹn. Àwọn ọdún tí ọmọ fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti kọjá lára rẹ̀, kò sí ohun tí èmi tàbí ẹlòmíì lè fi dá wọn padà. Wọ́n rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn adití, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Àwọn òbí rẹ̀ kò mọ èdè ọwọ́ náà. Bó ṣe di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Mo mú ẹjọ́ náà tọ gbogbo àwọn àgbà ẹ̀ka wa lọ. Mo sọ pé kí gbogbo wa jókòó, ká fẹnu kò sórí ọ̀nà kan ṣoṣo, ibi tí wáyà máa wà, bí ohùn ṣe máa tó, ọ̀nà tí òkè máa kọjú sí, kí fífún rọ́bà sì di dandan fún gbogbo èèyàn. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n pe ìpàdé náà. Wọ́n wá láti oríṣiríṣi ìlú. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ ti Ìyanu, omi bọ́ lójú mi níwájú wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. "Ẹ ṣé gan-an ni, Mà." "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, òótọ́ lẹ sọ." "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí láti òní lọ, Mà." A jẹ ìrẹsì, a ya fọ́tò.

Kò sẹ́nì kan ṣoṣo tó bá mi jiyàn. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Mo dàgbà jù wọ́n lọ, mo sì ń sunkún, ta ló fẹ́ sọ lójú mi pé kò ní í ṣeé ṣe níbi tiwọn? Ẹ̀kọ́ ilé ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Oníkálukú padà sílé, ó ń ṣe é bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà" yẹn ló pa iṣẹ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà ń yí padà lóríṣiríṣi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ wa tóbi tó kọ́bọ́ọ̀dù, a máa ń ya fọ́tò ojú ẹ̀ ni. Ó di èyí tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ó di kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí, èyí tí wọ́n ń gbé sápò ló dé, bọ́tìnnì kan péré ni wọ́n ń tẹ̀, òun fúnra ẹ̀ á ní òkè karùn-ún rèé, á sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ti páàsì. Ilé iṣẹ́ tó bá ṣe é ló ti yan bó ṣe wù ú kó rí, tẹni tó ń tà á lọ́hùn-ún ò dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì. Àwọn ọmọ tuntun ò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan wà tí wọ́n lè yí níbẹ̀.

Bísọ́lá ló gba ipò mi. Èmi ni mo kọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ tutù, orí rẹ̀ pé. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo ní, "Bísọ́lá, fífún rọ́bà o." Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ó fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó dì mọ́ mi. "Àǹtí Onírọ́bà! Ẹ má mikàn, Mà." Mo gbà á gbọ́. Àbí kí ni kí n ṣe?

Mo ti wà nílé báyìí. Òkúta ń gbóná lọ́sàn-án, mo máa ń jókòó sábẹ́ ìbòòji ìloro mi. Ìyanu náà wà ní Ìdànrè, ó ń ránṣọ, ó ti fẹ́ ọlọ́kadà kan tó ti mọ èdè ọwọ́ náà díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin dáadáa. Wọ́n bímọ lọ́dún yìí. Ìyá Ìyanu ló sọ ọ́ ní Gbóhùnmi. Èmi ni mo ní kí wọ́n tètè gbé e lọ bá Bísọ́lá, torí bí wọ́n bá tètè mọ̀, ọ̀nà wà tí wọ́n lè gbà ràn án lọ́wọ́ kí ọdún ọ̀rọ̀ tó kọjá. Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ.

Ọ̀sán ni wọ́n dé. Ìyá Ìyanu ti ń jó bọ̀ láti ojú títì, Ìyanu pọn ọmọ tẹ̀ lé e.

"Mọ́mì! Ó páàsì! Ọmọ mi páàsì o! Ẹ̀rọ sọ pé ó ń gbọ́!"

Mo ní, "Ìyá Ìyanu, ẹ jókòó ná. Ṣé wọ́n fún rọ́bà etí ẹ̀ pa, tí wọ́n tún un tẹ̀?"

"Rárá o, Mà. Wọn ò pẹ́ rárá. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ti jáde."

Mo pe Bísọ́lá lórí fóònù. Inú rẹ̀ dùn láti gbóhùn mi, ó béèrè ẹ̀yìn mi, ó béèrè gbogbo ará ilé. Mo ní, "Bísọ́lá, ọmọ Ìyanu yẹn. Ṣé o bi ẹ̀rọ bóyá ó ń parọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, Mà! Ti tuntun yìí kì í ṣe bíi ti àtijọ́. Gbogbo ẹ̀ ló ń ṣe fúnra ẹ̀."

"Bísọ́lá."

"Mà, èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. A máa ṣe é. Kí wọ́n padà wá, Mà."

Ohùn yẹn kan náà ni, èyí tó ṣáájú ìrẹsì lọ́jọ́ ìpàdé yẹn. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná, mo mú ìdérí ìkòkò méjì. Mo mọ̀ pé ìdérí ìkòkò kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹ má bá mi jiyàn. Ìyanu gbé ọmọ náà lé itan, ọmọ náà ń wo òrùka etí ìyá rẹ̀. Mo rìn lọ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo lu ìdérí méjèèjì pọ̀ gbàgà!

Adìẹ sá. Ìyá Ìyanu fò sókè, ó ní, "Jésù!" Gbóhùnmi ò ṣẹ́jú. Òrùka etí yẹn ló ṣì ń wò. Mo tún un lù. Ó na ọwọ́ rẹ̀ kékeré láti gbá òrùka náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Ìyanu wò mí, ó wo ọmọ. "Kì í bẹ̀rù ni, Mà," ó ní. "Ọmọ onígboyà ni. Ṣèbí ẹ̀rọ ló sọ pé ó ń gbọ́. Ó kàn lágídí díẹ̀ ni."

Ìyanu ò gbọ́ ìdérí, kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ. Ojú mi ló ń wò láti ìgbà yẹn. Ó wò ó títí, ó sì yé e. Ó mú ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì kúrò lára òrùka, ó ká wọn pọ̀, ó kì wọ́n bọ abẹ́ ìró ìdí rẹ̀ bí ẹni tó rí pàṣán, ó sì tẹ ọwọ́ tirẹ̀ lé wọn lórí.